Ìwé Tísà Tí Mo Sọ Di Ti Kápútẹ́nì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Etí mi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ohùn mi náà kò sì lè dé ọ̀ọ́kán. Ìbéèrè tí ẹ bi mí láàárọ̀, nígbà tí a kírun Iléyá dé, mo gbọ́ ọ. Mo kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ẹ ní àwọn ará àdúgbò sọ fún yín pé bàbá àgbà yín pa kápútẹ́nì kan lójú ogun, pé ó gba ìwé oyè rẹ̀ wálé, ẹ sì fẹ́ rí ìwé náà. Ọ̀kan nínú yín tún bi mí pé kí ló máa ń mú kí ènìyàn kó ohun ọ̀tá tó ti ṣẹ́gun pamọ́ sínú ilé. Mo ní kí ẹ lọ jẹran ná. Ẹ ti jẹran tán báyìí, oòrùn sì ti rọlẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ wò yìí.

Japara, àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí ẹ mọ̀ yìí, kọ́ ni Japara tí mo fi sílẹ̀ lọ sógun. Nígbà náà, ariwo ayùn ló ń jí wa láràárọ̀. Gbogbo ibi tí ẹ ń rí ṣọ́ọ̀bù fóònù yẹn, gẹdú ló kún ibẹ̀, àwọn ọkọ̀ agégẹdú á sì máa mi ilẹ̀ tìtì bí wọ́n bá ń kọjá. Ẹni tó bá gbọ́n létí á mọ irú igi tí wọ́n ń là láti inú ilé. Ìrókò máa ń kùn bí akọ màlúù, àfàrà a máa súfèé. Àwọn ìyá wa á jókòó yí òkìtì obì ká, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa fi ewé tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, ẹnu wọn kò sì ní dákẹ́. Òórùn kòkó tí a sá sójúde ló máa ń wọ aṣọ wa. Òde-Omi ni ìyá mi ti wá. Bó bá lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, kó tó wọ ọkọ̀ ilẹ̀ wálé, àwa ọmọ á sì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà kó tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ohun tí a ń dúró dè ni ẹja. Àṣà wa nìyẹn. Ẹni tó bá rìnrìn àjò kì í dé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó lọ Èkó á mú búrẹ́dì bọ̀, ẹni tó lọ sóko á mú iṣu bọ̀, ẹni tó lọ sí Òde-Omi, tó bá dé láìmú ẹja, wọ́n á bi í bóyá wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí àwa tí a lọ bá wọn ja ogun Bìáfúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ́yìn ogun, ohun tí wọ́n bi wa lẹ́yìn 'ẹ kú ewu' kò ju ẹyọ kan lọ: 'Kí lẹ mú bọ̀?'

A sì mú nǹkan bọ̀. Ilé kan wà nísàlẹ̀ wa tó jẹ́ pé akoto irin sójà Bìáfúrà ni wọ́n fi ń bu omi fún adìẹ. Ẹlòmíràn gbé àpótí ọta dé, ìyàwó rẹ̀ ń kó aṣọ ìkókó sí i. Kòròfo ọta ńlá kan ni wọ́n so mọ́ igi lẹ́bàá ilé kéú wa. Òun ni wọ́n ń lù bí kéú bá ti tó, ohùn rẹ̀ sì dùn ju agogo lọ, ó máa ń dún pẹ́ kó tó kú. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bèèrè ta ni wọ́n yin ọta inú rẹ̀ lù. Ẹ rí i, nǹkan wọ̀nyẹn kò dà bí nǹkan òkú lójú wa. Ẹ̀bùn ìrìn àjò ni wọ́n jọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò mú nǹkan kan bọ̀. Mùfú ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wọ iṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà. Mùfú wà níwájú níbi tí ogun ti gbóná, ó fi ìka méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dé, wọ́n bi í ní ìbéèrè yẹn, ó kàn na ọwọ́ tí kò pé sókè. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bí ayùn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Mùfú á ti dojú bolẹ̀ kó tó rántí pé ilé lòun wà.

Èmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí. Èmi kò ja ogun kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, lẹ́yìn pátápátá. Yàtọ̀ sí ti ìgbà tí wọ́n ń kọ́ wa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yìnbọn. Nǹkan kan rìn nínú igbó, mo ní ọ̀tá dé, mo tú ìbọn sí i. Ewúrẹ́ ni. N kò tilẹ̀ bà á. Ọ̀gá wa ní kí n sanwó ọta, gbogbo wọn sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù kan.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, tí wọ́n ní ogun ti parí, wọ́n fi àwa mélòó kan sójú ọ̀nà kan kí a máa yẹ ẹrù àwọn tó ń padà sí abúlé wọn wò. Àwọn ènìyàn yẹn ti gbẹ, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tí mo rí, egungun ló wọ aṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti ní ohun tí wọn yóò mú lọ sílé. Ọ̀kan ní aago ọwọ́, ọ̀kan ní rédíò, ọ̀kan ní bẹ́líìtì ọ̀gá sójà. Èmi kò ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí a ó lọ sílé ti súnmọ́lé, mo sì ti ń gbọ́ ohùn wọn ní Japara létí mi: kí lo mú bọ̀?

Ọ̀sán gangan ni ọkùnrin yẹn dé. Kò jù mí lọ ju ọdún márùn-ún lọ. Kò ru ẹrù, kò sì wọ bàtà. Ohun kan ṣoṣo tó gbé dání ni férémù onígíláàsì kan, ó gbá a mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ní kó mú un wá kí n wò ó. Ó mú un wá.

Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé iṣẹ́ mi ni. Tísà ni mí.'

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Mo ní ìwé náà ti di ti ìjọba. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí férémù náà mú, èmi náà dì í mú níhà kejì. Ó ní, 'Ẹ mú férémù, ẹ mú gíláàsì, ẹ bá mi yọ bébà inú rẹ̀ fún mi.' Mo gbé ìbọn sókè. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Nígbà tí ọkọ̀ wa gbéra nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣì wà níbẹ̀, ó tẹ̀ lé wa lẹ́sẹ̀ títí a fi yí kọ́nà.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Mo ka ìwé mẹ́fà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níhìn-ín. Mo mọ̀wé kà. Kí ọkọ̀ wa tó dé ìlú kejì, mo ti ka ohun tó wà níbẹ̀ tán. Mo rí i pé Gíréètì Tú ni, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Mo rí orúkọ rẹ̀, Gábríẹ́lì, àti orúkọ bàbá rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó tàn mí jẹ.

Ọjọ́ tí mo dé, ìyá mi ro ìkọ́kọrẹ́, ó fi ẹja Òde-Omi tó ti pa mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sè é. Ìta kún. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo yọ férémù síta. Wọ́n ní, 'Kí nìyí?' Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́: 'Ìwé oyè kápútẹ́nì àwọn ọ̀tá ni.' Wọ́n ní, 'Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?' Mo ní, 'Mo ti pa á.' Ariwo tó sọ! Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Pakápútẹ́nì.

Mo fi férémù náà kọ́ ara ògiri, gbogbo Iléyá ni mo sì ń sọ ìtàn náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo yìn ín níbọn láti òkèèrè ni. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, a ti ń jìjàkadì. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, kápútẹ́nì ti kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n dá ẹ̀mí òun sí. Lọ́dún kan, àlejò kan tó jẹ́ tísà wá kí wa, ó ní òun fẹ́ ka ìwé náà dáadáa, ó sì gun àga. Mo ní àga yẹn kò lágbára, mo fà á pé kí n bá a pààrọ̀ rẹ̀, ọkùnrin náà já lulẹ̀, ó fi ìgúnpá gbá àwo ẹran dànù. Gbogbo ilé ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ṣa ẹran, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé náà lọ sókè sí i, nítòsí àjà.

Ẹ wá bi mí pé kí ló ń mú ènìyàn kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ti àwọn ẹlòmíràn, n kò lè sọ. Bóyá ẹni tó rí ikú fẹ́ ohun tí yóò máa fi hàn án pé òun kò kú. Ti èmi, ẹ̀rù ni. Mo bẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀ pé oúnjẹ ni mo ṣọ́. Ẹni tí kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni ni mí, ni mo bá wá ẹni tí ogun ti ṣẹ́, mo gba tọwọ́ rẹ̀, kí n lè jọ ẹni tó ṣẹ́gun. Mùfú tó ja ogun, ara rẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, kò sì wù ú kí ẹnikẹ́ni wò ó.

Ìyá yín, Sìdí, ẹni tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, òun ló tú mi fó. Ó ti wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè nígbà yẹn, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́. Ó wálé láti bá wa tún ilé ṣe de ọdún, ó gun àkàbà, ó ń nu eruku ara ògiri. Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ tí aṣọ tó fi ń nù ún dúró. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó pè mí.

Ó ní, 'Bàbá mi, ta ni Gábríẹ́lì?'

Mo ní, 'Kápútẹ́nì yẹn ni.'

'Bàbá, ìwé-ẹ̀rí tísà ni èyí. Irú èyí ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbani síṣẹ́. Tí wọ́n bá gba èyí lọ́wọ́ ènìyàn, kí ni yóò fi ríṣẹ́?'

Mo dáhùn pé, 'Họ́wù, tísà ni? Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọmọ mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?'

Sìdí, irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ láti inú ọkọ̀. Má tíì sọ̀rọ̀, jẹ́ kí n parí rẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ilé ẹ̀kọ́ tí ọkùnrin náà lọ, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé pé ọkùnrin náà wà láyé, àti abúlé tó wà. Sìdí ní a ó lọ. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ó ní òun á dá gbé e lọ nígbà náà, òun á sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dun bàbá òun. Mo bá a lọ.

Abẹ́ igi kan níwájú ilé ìwé ni a ti bá a, ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Àwọn ọmọ tó ń jáde láti ilé ìwé ń kí i bí wọ́n ti ń kọjá, 'Tísà, ẹ kúuṣẹ́,' ó sì ń dá wọn lóhùn. Sìdí ló sọ̀rọ̀. Èmi kàn na ohun tí mo fi aṣọ wé sí i. Ó tú aṣọ náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ awò ojú, ó sì ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti yí nǹkan kan padà níbẹ̀.

Ó sọ fún wa, láìgbé ohùn sókè, pé òun lọ sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ogun, wọ́n ní kí òun mú ìwé òun wá. Òun padà sí ilé ẹ̀kọ́ tí òun ti gbà á, ilé náà ti jóná pẹ̀lú gbogbo àkọsílẹ̀. Wọ́n ní kí òun lọ tún ìdánwò ṣe, àwọn ọmọ òun sì ń sunkún ebi. Òun kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní, 'Àwọn tí a jọ gba ìwé, ó ku ọdún mẹ́rin kí wọ́n fẹ̀yìn tì.'

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. 'Kí lo fi ṣe ní gbogbo ìgbà yìí?'

Mo ní mo fi kọ́ ara ògiri.

'Kí lo ń sọ fún àwọn tó bá wò ó?'

Mo wo Sìdí. Ilẹ̀ lòun ń wò. Mo ní, 'Mo sọ pé kápútẹ́nì ni ọ́. Mo sọ pé mo pa ọ́.'

Obìnrin kan jókòó níbẹ̀ tó ń dúró de kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà sọ fún un pé kó ní sùúrù díẹ̀. Ó fa àga kékeré kan sún mọ́ mi. Ó ní, 'Jókòó. Báwo ni mo ṣe kú?'

Ẹ̀yin ọmọ, mo sọ ọ́. Lójú ọmọ mi, ní ọ̀sán gangan, mo sọ fún ẹni tó wà láàyè bí mo ṣe pa á. Mo sọ ti ìbọn, mo sọ ti ìjàkadì. Mo fẹ́ fo ibi tó ti kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló bèèrè.

'Ṣé mo bẹ̀ ọ́?'

Mo ní, 'O bẹ̀ mí.'

Ó mi orí. Ó ní, 'Ìyẹn nìkan ni òótọ́ níbẹ̀.' Ó dìde, ó fi ìwé náà sínú ilé, ó sì padà sídìí kẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn. Kò lé wa. Kò sì tún wo ibi tí a wà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ wálé, Sìdí kọjú sí mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ ò tọrọ àforíjì.' Mo ní bí mo bá tọrọ rẹ̀, ohun mìíràn ni mo tún ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mú wálé yẹn. Ó dùn létí mi bí mo ṣe sọ ọ́. Ìyá yín wò mí, ó ní, 'Rárá o, Bàbá. Ẹ̀rù ló bà yín.' Òótọ́ ló sọ.

Ẹ lè rò pé mo yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ara ògiri ṣófo, mo ní ikán ti jẹ ẹ́. Mùfú wà níbẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, 'Ṣé ikán jẹ gíláàsì náà ni?' Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí tó fi kú. Àti pé bí wọ́n bá pè mí ní Pakápútẹ́nì, mo ń jẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Tèmi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí aṣọ olè yẹn ni wọ́n ń yìn mí fún, mo sì ń yọ̀.

Gbogbo ọdún yìí, ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá yín máa ń pè yín wọlé bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ogun? Lónìí kò pè yín. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́la, àwọn ẹgbẹ́ mi tó ṣẹ́kù, àwọn mẹ́ta péré, ń bọ̀ wá kí mi kú ọdún. Láti ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti máa kígbe orúkọ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi jókòó. Mo fẹ́ sọ òótọ́ yìí fún wọn lórí ìdúró, kí wọ́n tó jókòó, nítorí bí wọ́n bá ti jókòó tán, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo mọ ara mi. Sìdí, ìwọ náà wá. Bí o bá gbọ́ tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu mi, wúkọ́.